A fi afẹ́fẹ́ kún un, ó tún gbóná sí i

Ìbéèrè kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bá a sùn, mo bá a jí, mo tún gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí. Àbúrò kan tó ń ṣe projẹ́ẹ̀tì àṣekágbá nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ló bi mí, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tu irin inú tọ́báìnì gáàsì lára, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń jó gáàsì láti pèsè iná mànàmáná, Ọ̀bántókò ló ń gbé, ó máa ń gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi tí iná bá wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, mo fi afẹ́fẹ́ tútù kún un, irin yìí tún wá gbóná sí i. Ṣé kọ̀ǹpútà yìí ń ya wèrè ni?"

Kọ̀ǹpútà ò ya wèrè. Ojú ẹsẹ̀ ni mo dá a lóhùn, mo ní afẹ́fẹ́ náà ti pọ̀ jù, ó ti fò kúrò lára irin, kó dín in kù, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé náà nìyẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Èmi lọ̀rọ̀ ò tíì tán lọ́kàn rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, èsì yẹn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, kò sọ ohun tó fà á tí nǹkan tí wọ́n rán wá dáàbò bo irin á fi pọ̀ débi tó máa fi irin sílẹ̀ tó máa bá iná lọ.

Iná tó ju irin lọ

Bí tọ́báìnì gáàsì ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ju báyìí lọ: apá kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ á fún afẹ́fẹ́ pọ̀, wọ́n á da epo sí i, wọ́n á jó o, ooru tó bá jáde á máa yí àwọn bùlẹ́èdì, ìyẹn àwọn abẹ irin tó yí ọ̀pá kan ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ ìyẹn, mi ò ní dá yín dúró lórí ẹ̀. Ibi tí mò ń lọ ni lẹ́yìn ibi tí iná ti ń jó gan-an, níbi tí wọ́n to àwọn vane sí, àwọn irin tó dúró sójú kan tí kì í yí, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n darí ooru náà sára àwọn bùlẹ́èdì tó ń yí. Àwọn ló ń kọ́kọ́ gba iná sójú. Nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá ayé ìsinsìnyí, irú èyí tí Mitsubishi ń ṣe ní Jàpáànù tí wọ́n ń pè ní J, ooru tó ń wọ tọ́báìnì tó 1,600 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin nickel tí wọ́n fi ń ṣe irú vane bẹ́ẹ̀, tó bá fi máa di nǹkan bíi 1,300 sí 1,400, ó ti ń yọ́ nìyẹn. Ẹ tún un kà o. Iná yẹn ju ibi tí irin ti ń yọ́ lọ, irin dẹ̀ wà nínú ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, kò yọ́.

Ẹnìkan á ní ṣebí kí wọ́n sáà dín iná kù. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, a dẹ̀ mọ ohun tó mú wá. Ní 1939, ní Neuchâtel ní Switzerland, wọ́n gbé tọ́báìnì gáàsì kan kalẹ̀ láti fi pèsè iná fún ìlú, 4 megawatt ni, ooru tó ń wọ̀ ọ́ ò ju nǹkan bíi 550 lọ, nínú gbogbo agbára tó wà nínú epo tí wọ́n ń dá sí i, bíi ìdá 17 nínú 100 péré ló ń di iná mànàmáná, ìyókù ń bá èéfín lọ. Ní 2016, ní Bouchain ní ilẹ̀ Faransé, tọ́báìnì gáàsì tí wọ́n so mọ́ tọ́báìnì tó ń lo ooru omi kọjá 62 nínú 100. Nǹkan púpọ̀ ló para pọ̀ di ìyàtọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ooru tó ń wọ ẹ̀rọ wà lára èyí tó ga jù. Gáàsì tí wọ́n ń jó ní Ọlọ́runṣògo ní Papalanto, tí kò jìnnà sí wa níbí, owó ni wọ́n fi ń rà á, ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé gáàsì kékeré ló fi ń gbé iná ńlá jáde, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò fẹ́ ẹ.

Báwo wá ni irin ṣe ń là á já? Wọ́n á yọ díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti fún pọ̀, wọn ò ní jẹ́ kó dé ibi iná rárá, wọ́n á gbà á gba inú vane tó ní ihò nínú, á wá máa jáde láti àwọn ihò kéékèèké tó wà lára ẹ̀, kó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí irin náà, kí iná máa fẹ́ lórí afẹ́fẹ́ yẹn dípò kó fara kan irin. Film cooling làwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Tútù tí mò ń wí yìí kì í ṣe tútù fíríìjì o, afẹ́fẹ́ tó ti kọ̀mpírẹ́sọ̀ jáde lè ti gbóná tó 400, àmọ́ lójú 1,600, tútù ni.

Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn ìyá wa tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa mọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti lẹ̀ mọ́ aṣọ dáadáa, aró ò ní débẹ̀, ibi tí ẹ̀kọ bá ti ṣí díẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni aró máa gbà wọlé. Ibi tí àfiwé yẹn ti já ni pé ẹ̀kọ á jókòó síbi tẹ́ ẹ bá fi í sí. Afẹ́fẹ́ ò ní jókòó. Gbogbo ìgbà lẹ gbọ́dọ̀ máa fi tuntun rọ́pò èyí tó ti lọ, ẹ dẹ̀ ń sanwó ẹ̀, torí ẹ ti fi agbára fún un pọ̀ tán kẹ́ ẹ tó wá gbé e yẹra fún iná tó yẹ kó lọ bá ṣiṣẹ́. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, tẹ́ ẹ bá pín gbogbo afẹ́fẹ́ tó ti kọ̀mpírẹ́sọ̀ jáde sọ́nà márùn-ún, odindi ọ̀nà kan lè bá iṣẹ́ ìtutù lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "fi kún un" kì í fi í rọrùn lẹ́nu wọn, kódà ká ní ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àbúrò mi ní sọ́fítíwíà, Bàbá ní àkísà. Bàbá tí mò ń wí yìí, Ìbarà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ títún tọ́báìnì ṣe ni wọ́n fi gbogbo ìgbà agbára wọn ṣe káàkiri, àti níbi tí wọ́n ti ń pèsè iná àti níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Mo lọ kí wọn lọ́sàn-án Sunday kan. Mo fẹ́ wọ pálọ̀ ni mo rí ohun tí wọ́n fi dí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà gbá a dé. Vane ni! Àlòkù tí wọ́n ti yọ dànù, Bàbá gbé e wálé. Mo gbé e, ó wúwo ju bí ojú ẹ̀ ṣe rí lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n wo nǹkan yìí dáadáa."

"Gbé e wá síbí, jókòó. Kí lo fẹ́ wò lára ẹ̀?"

Mo ro ẹjọ́ projẹ́ẹ̀tì àbúrò mi fún wọn látòkè délẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé irin náà sí ibi tí oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n wá ní kí n sún mọ́ wọn. Ara ẹ̀ ti dúdú, ó ti rí pátipàti, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tó mọ́ ju ibi tó kù lọ, ìlà tín-ín-rín tó lọ gbọọrọ sẹ́yìn títí ó fi parẹ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bò ó nìyẹn. Ihò pẹ̀lú ìlà ẹ̀, ihò pẹ̀lú ìlà ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ. Àfi ẹsẹ ihò kan ní apá ikùn vane náà, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ wọnú, ní tiẹ̀, ẹ̀yìn ihò gan-an ló jóná jù, ìlà tó mọ́ ò bẹ̀rẹ̀ àfi téèyàn bá kúrò lẹ́nu ihò díẹ̀.

"Bàbá, ṣé àwọn yìí dí ni?"

"Dí kẹ̀?" Wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, wọ́n fi ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ ki ihò náà, ó wọlé. "Kò dí. Ó ń fẹ́. Ó ń fẹ́ jù ni. Pírẹ́ṣọ̀ tó wà nínú ẹ̀ níbí yìí pọ̀ jù, bó ṣe ń jáde ló ń fò. Wo èyí tó wà lápá ẹ̀yìn tó ń fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, wo bí ara ẹ̀ ṣe mọ́."

Wọn ò yọ ìgbálẹ̀ náà. Wọ́n ní kí n wo bó ṣe dúró. Kò dúró ṣánṣán, ó dagun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sára irin. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ nìyẹn, nǹkan bíi 30 sí 35 degree sí ara irin, iná tó ń ta pàrà tàbí lésà ni wọ́n fi ń lu ihò yẹn, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ju mìlímítà kan lọ. Bàbá wá dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé wẹ́wẹ́ irin mìíràn jáde látinú ike, èyí já wá láti ara ẹ̀rọ tó tuntun jù. Wọ́n fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan náà sí ihò ti ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ dì í mú, ṣùgbọ́n lókè ó ń mì síbí mì sọ́hùn-ún, torí ẹnu ihò náà fẹ̀, ó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún tẹ̀ sẹ́yìn lọ bá ara irin.

"Èyí," Bàbá ní, "o lè fún un ní afẹ́fẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, kò ní fò. Kó tó délẹ̀kùn, ara ẹ̀ á ti balẹ̀."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà fún mi. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti bi mí, iye ni mo ti ń rò, mélòó ló tó, mélòó ló pọ̀ jù. Bàbá ò tiẹ̀ dárúkọ iye. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń sọ.

Ohun tó ń gba abẹ́ wọlé

Nígbà tí àbúrò mi padà wá, mo ní kó má fi ojú irin nìkan hàn mí, kó gé àwòrán náà ní ìbú, ká lè rí i bí ẹni pé a dúró níwájú tí afẹ́fẹ́ ń bọ̀ wá bá wa. Ohun tó jáde dùn ún wò. Afẹ́fẹ́ tútù tó ti ihò jáde ò dà bí ohun tó tẹ́ rárá, ó ti di ìjì kékeré méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ọ̀kan ń yí sápá ọ̀tún, èkejì ń yí sápá òsì, láàárín àwọn méjèèjì wọ́n ń gbá afẹ́fẹ́ tútù sókè kúrò lára irin, wọ́n sì ń fa iná wọlé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sábẹ́ ara wọn. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ṣe le tó ni ìjì yẹn ṣe ń le tó. Tó bá le jù, ó ti gun òkè lọ, iná ti gba abẹ́ ẹ̀ lọ bá irin.

Èyí tí mi ò tíì rí kí wọ́n tẹnu mọ́ tó ni pé kì í ṣe pé irin pàdánù ìbora ẹ̀ nìkan. Ìjì yẹn tún ń ro afẹ́fẹ́ tó wà lára irin pọ̀, afẹ́fẹ́ tó bá sì ń rú, kíákíá ló ń gbé ooru dé ara irin ju èyí tó bá ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ. Nítorí náà ihò tó ń fẹ́ jù lè burú ju kí ihò má sí níbẹ̀ rárá. Ẹ ti náwó afẹ́fẹ́, ẹ tún fi owó yẹn ra ooru. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé tí ooru ara irin bá fi bíi 30 degree ju èyí tí wọ́n ṣírò lọ, ìdajì ọjọ́ ayé ẹ̀ lè ti lọ. 30 péré, nínú 1,600.

Fún ihò roboto tó dagun bíi ti àkọ́kọ́ yẹn, ohun tí wọ́n máa ń wọ̀n ni bí ìwúwo àti eré afẹ́fẹ́ tútù ṣe tó sí ti iná tó ń kọjá lórí ẹ̀. Láti òdo, bẹ́ ẹ ṣe ń fi kún un ló ń dára, títí dé nǹkan bí ìdajì, tó bá ti kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn. Ìwúwo ń dá sí ọ̀rọ̀ náà púpọ̀, torí nínú ẹ̀rọ gidi afẹ́fẹ́ tútù máa ń wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ti iná, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń dán an wò nínú ilé àyẹ̀wò tí kò gbóná fi máa ń lo carbon dioxide dípò afẹ́fẹ́, kó lè wúwo. Ibi tí ihò wà náà tún ń sọ̀rọ̀. Ní ẹ̀yìn vane tó yọ síta, afẹ́fẹ́ tó bá ń jáde jẹ́ẹ́jẹ́, ìtẹ̀sí ara irin á bá wa tì í mọ́lẹ̀, ní ikùn tó wọlé, kò sí irú ìrànlọ́wọ́ yẹn. Ẹsẹ ihò tó jóná lára vane Bàbá, ikùn ló wà.

Ṣé àṣejù ni?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn báyìí. Àṣejù, baba àṣetẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Rárá, kò tán o. Tó bá jẹ́ àṣejù nìkan ni, oògùn ẹ̀ ni ká dín in kù, ká dín in kù náà dẹ̀ ni èsì tí mo fún àbúrò mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wẹ́wẹ́ irin kejì tí Bàbá gbé jáde ló ba òwe yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, torí iye afẹ́fẹ́ tó jẹ́ àṣejù fún ihò roboto, ìwọ̀nba ni fún ihò tó lẹ́nu fífẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lójú tèmi ni pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ ò sì ní kó má pọ̀, ó kàn ní kó rọra dé ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ihò yìí kì í ṣe tòní. Ní 1974, Goldstein, Eckert àti Burggraf ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ jáde tó fi hàn pé ihò tí ẹnu ẹ̀ bá fẹ̀ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sún mọ́ ara irin, kó sì tàn kálẹ̀ dáadáa ju ihò roboto lọ. Nǹkan kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín nípa Goldstein: ó máa ń fi naphthalene ṣe àyẹ̀wò, ìyẹn káńfọ̀ funfun tí àwọn ìyá wa ń jù sáàárín aṣọ òkè nínú àpótí. Wọ́n á fi káńfọ̀ bo ara irin, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ibi tí káńfọ̀ bá ti tètè gbẹ dànù jù, ibẹ̀ náà ni ooru máa ti wọlé jù tó bá jẹ́ ẹ̀rọ gidi. Kò síná, kò sí gáàsì. Èmi tí mo ti ń rò pé irú ìwádìí báyìí kọjá agbára ilé ẹ̀kọ́ tí iná ń lọ tó ń bọ̀, káńfọ̀ ló dá mi lóhùn.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń ka megawatt lórí rédíò, ẹnu ọ̀nà ni mo ń rò. Tẹ́ ẹ bá ka gbogbo ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ní Nàìjíríà pọ̀, agbára tí wọ́n kọ sí wọn lára lé ní 12,000 megawatt, èyí tó ń dórí wáyà lọ́pọ̀ ọjọ́ ò ju nǹkan bíi 4,000 sí 5,000 lọ. Gáàsì tí ò dé, wáyà tí ò lè gbé e, ẹ̀rọ tó ń dúró de ìtọ́jú, ibẹ̀ ni ìyókù há sí. Síbẹ̀ lọ́dọọdún ìlérí tí à ń gbọ́ ni pé wọ́n máa fi kún un. Mi ò sọ pé ẹ̀rọ tuntun ò dára, mo kàn ń bi wọ́n pé ibo ló ń gbà jáde, ṣé ó sì máa balẹ̀ síbi tá a nílò ẹ̀.

Erùpẹ̀ ọyẹ́

Nǹkan kan wà tí ìwé àwọn Minnesota ò lè bá wa rò tán, ìyẹn ni ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò yẹn jáde, ìta ló ti wá, afẹ́fẹ́ kan náà tá à ń mí. Fílítà wà lẹ́nu ẹ̀rọ, Bàbá sì sọ pé láti November ni àwọn ti máa ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì, torí tó bá ti di ìgbà ọyẹ́, kíákíá ló ń dí. Síbẹ̀ erùpẹ̀ tó kéré jù lọ máa ń yọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí erùpẹ̀ lè ṣe fún vane, gbogbo ayé ti rí i: ní June 1982, ọkọ̀ òfuurufú 747 kan wọ inú eérú òkè oníná Galunggung ní Indonesia, eérú náà yọ́ nínú iná, ó dì mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Nígbà tí wọ́n jábọ́ kúrò nínú eérú, díẹ̀ lára ohun tó dì náà ṣí kúrò, wọ́n rí wọn tàn padà, wọ́n gúnlẹ̀ sí Jakarta. Ọyẹ́ tiwa ò burú tó ìyẹn. Àmọ́ ọdọọdún ló ń dé.

Ohun tó wá ń kọ mí lóminú nípa àwọn ihò ẹlẹ́nu fífẹ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n ti ń tẹ odindi bùlẹ́èdì jáde látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin báyìí, ní 2017 Siemens dán irú ẹ̀ wò nínú tọ́báìnì tó ń yí ìgbà 13,000 ní ìṣẹ́jú kan, ooru ibẹ̀ lé ní 1,250, ó ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ìrísí ihò èyíkéyìí tó bá wu èèyàn ló lè ṣe, kó lọ́ kó tún yà sọ́nà mẹ́ta tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo igun tuntun tẹ́ ẹ bá fi sínú ihò, ibi tí erùpẹ̀ lè jókòó sí ni. Ihò roboto tó tọ́ ni ìgbálẹ̀ wọ̀ fàà.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹnìkan mú ṣe projẹ́ẹ̀tì nìyí, mo ti sọ fún àbúrò mi kó sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Kí wọ́n gbá erùpẹ̀ ọyẹ́ jọ lórí àwọn páànù Abẹ́òkúta ní January, kí wọ́n sẹ́ ẹ tó máa fi kúnná dáadáa, kí wọ́n ṣe pátákó méjì, ọ̀kan oníhò roboto, ọ̀kan oníhò ẹlẹ́nu fífẹ̀, kí wọ́n fi búlówà fẹ́ erùpẹ̀ náà gba inú méjèèjì, kí wọ́n máa gbé wọn sórí ìwọ̀n ní wákàtí wákàtí. Èyí tó bá ń wúwo sí i jù ló ń dí jù. Búlówà, asẹ́ àti ìwọ̀n, gbogbo ẹ̀ wà ní Láfẹ́nwá.